Ẹní, Aṣọ Ìyá àti Oorun Ọ̀sán

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i lójú yín pé ẹ fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn irin yẹn. Ẹ ó wá sẹ́yìnkùlé mi láti gba atẹ́gùn lábẹ́ igi fúrúùtù, ẹ ó wo ilẹ̀kùn, ẹ ó wo ìyàwó mi tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ẹ ó sì yí ọ̀rọ̀ sí bọ́ọ̀lù. Ẹ ṣeun tí ẹ ní ìtìjú. Lónìí tí ọ̀kan nínú yín ti wá là á lẹ́nu, ẹ fa àpótí súnmọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n bí mi ò bá sọ ọ́, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí á rò pé bó ṣe wà yìí náà la ṣe bá a.

Ilé iwájú yẹn tí wọ́n lẹ táìsì sí, tí wọ́n ya kìnnìún àti ọ̀bọ aláwọ̀ oríṣiríṣi sára ògiri rẹ̀, pálọ̀ mi ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi po sìmẹ́ńtì rẹ̀. Nígbà tí a kó dé Ìgàndò láti Èkìtì, oko ẹ̀gẹ́ ló wà níbi tí ẹ ti ń ra epo mọ́tò lónìí, àárọ̀ kùtù la sì ń gbọ́ igbe àparò. Àwọn tó ń gbé àdúgbò nígbà náà kò pọ̀: tíṣà láti Oǹdó, òṣìṣẹ́ ìjọba láti Èkìtì bíi tiwa, àti àwọn obìnrin tó ń jí lọ ra oúnjẹ tútù ní Ṣàṣà kí ojú ọjọ́ tó là. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò Ṣàṣà yìí ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ lẹ́yìn, apẹ̀rẹ̀ lórí. Ó ní ẹni tó ń bá òun mú ọmọ ti lọ ilé ọkọ, pé kí ìyàwó mi ṣàánú òun di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ yẹn wà lọ́dọ̀ wa títí ó fi wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, tíṣà méjì ti gbé tiwọn wá, àwọn kan láti ọ̀nà Ìṣẹ̀rí-Olófin gbọ́, àwọn onímọ́tò láti Gowon Estate náà gbọ́. Jéléósinmi là ń pè é nígbà náà, kí ọmọ kúrò nílé kí ilé lè sinmi. Ilé tiwọn ló ń sinmi o. Tèmi, kò sí àga tí mo lè jókòó lé tí kò ní ọmọ lábẹ́. Màá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹnì kan á ti fi bàtà mi gbá iyanrìn, ẹnì kan á máa fi mí ṣe adájọ́ pé wọ́n gba ẹyọ àgbálùmọ̀ òun. Mo máa ń ráhùn nígbà náà. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò ní in lọ́kàn.

Kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà wa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ẹní ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbé wá, ìyẹn ni àdúgbò fi ń pe ìyàwó mi ní Ìyá Ẹlẹ́ní. Ṣùgbọ́n ẹní kọ́ ni ohun tó mú iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, aṣọ ni. Kì í gba ọmọ tuntun bí ìyá ọmọ kò bá mú ìró kan wá, ìró tó ti fi bora sùn, tí kò tíì kan omi. Àwọn ìyá mìíràn á tijú. Wọ́n á lọ fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á ká a sínú ọ̀rá bí ẹni tó fẹ́ lọ kí àna. Ìyàwó mi á dá a padà. Á ní, "Ẹ dákun, ẹ lọ fi í sùn ná kí ẹ tó mú un wá." Bí oòrùn bá ti kanrí, á tẹ́ ẹní sí pálọ̀, á na ìró fún oníkálukú. Ọmọ á fi imú wá ibi tí òórùn ìyá rẹ̀ wà nínú aṣọ, á ká a mọ́ àyà, ó parí. Ti ọmọ oníṣòwò Ṣàṣà ń run ẹja gbígbẹ, ti ọmọ tíṣà ń run ẹfun ojú pátákó, gbogbo rẹ̀ dàpọ̀ nínú pálọ̀ mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ kò lè sùn láìfi fóònù ṣe ìrọ̀rí, kí lẹ fẹ́ rín?

Àbúrò mi obìnrin, Ìbídùn, wá kí wa láti Ìkọ̀lé lọ́dún kan. Ìbídùn mọ́ tónítóní dé ibi tó ń fọ ọwọ́ ìgbálẹ̀. Ìyàwó mi lọ ra ọ̀gì, kó tó dé, àbúrò mi ti rí òkìtì ìró nínú apẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn wọn, ó sì káàánú wa. Ó da gbogbo wọn sínú ọpọ́n ìfọṣọ, ó fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, ó fi oògùn apakòkòrò ṣan wọ́n, ó sá wọn kárí ọgbà. Ó tún ń retí kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Ọ̀sán tó, a tẹ́ ẹní, a pín aṣọ. Ẹnì kankan kò sùn. Ọmọ á fi imú sí aṣọ, á gbé e kúrò, á wo ojú wa bí ẹni pé a jí ìyá òun gbé, á sì figbe bọnu. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn gbè é. Àwọn ará àdúgbò tú jáde pẹ̀lú igi lọ́wọ́, wọ́n rò pé ejò ló wọlé. Ìbídùn náà jókòó sílẹ̀ láàárín wọn, ó ń sunkún tirẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó mi lọ ń bẹ àwọn ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n bọ́ ìró tó wà nídìí wọn fún òun. Títí Ìbídùn fi padà sí Ìkọ̀lé, kò fọwọ́ kan ohun kankan nílé mi mọ́ àfi abọ́ tó bá jẹun tán.

Àṣìṣe kékeré bẹ́ẹ̀ kò tán láyé yẹn. Bàbá kan wà ní Gowon Estate tí kì í wá mú ọmọ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló ń wá. Lọ́jọ́ tí àìsàn dá ìyàwó náà gúnlẹ̀, ó rán ọkọ. Ọkùnrin náà dé, táì lọ́rùn, ó rí ọmọkùnrin kan tó sáré wá di mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó gbé e, ó lọ. Ọmọ ọlọ́mọ ni. Bísíkíìtì tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà ni ọmọ yẹn ń di mọ́. Ìyàwó mi ń bẹ nínú ilé ìdáná nígbà náà. Ó jáde, ó rí ọmọ ẹni náà níbi tó ti ń fi iyanrìn kọ́lé, ó káwọ́ lérí. Kí a tó wá ọ̀nà lọ sí Gowon Estate, obìnrin aláìsàn náà ti gbé ọmọ padà dé, ó ń gbọ̀n, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkùnrin náà ti ń wá mú ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní òun fẹ́ mọ ojú rẹ̀ dáadáa.

Bí ẹ bá ti ìta wá láàárọ̀ nígbà náà, ẹ ó ti gbọ́ wa kí ẹ tó rí wa. Ìró ìgbálẹ̀ kéékèèké: ìyàwó mi gé ìgbálẹ̀ sí ìwọ̀n ọwọ́ wọn, wọn á máa gbá iwájú ilé, eruku á bo gbogbo wọn. Ìró ṣíbí lára abọ́ ọ̀gì. Wọ́n ń bomi rin ewúro, àwọn àgbà inú wọn ń fi ẹyọ àgbálùmọ̀ kọ́ ìṣirò, ìyàwó mi ń bi wọ́n pé, "Bí mo bá fún ọ lẹ́yọ méjì, tí ẹ̀gbọ́n rẹ gba ọ̀kan, kí ló kù?" Ọmọ kan wà tó máa ń dáhùn pé, "Ìjà ló kù, mà." Ó ti di lọ́yà báyìí, mo gbọ́. Tí Iléyá bá dé, àwọn ìyá Mùsùlùmí á gbé ẹran wá fún gbogbo ọmọ. Tó bá di Kérésìmesì, àwọn ọmọ náà á tún wá fi aṣọ ọdún hàn wá, Rísíkátù ọmọ Mùsùlùmí àti Rọ́pò ọmọ Kìrìsìtẹ́nì yóò wọ irú bàtà kan náà, kò sẹ́ni tó ń bi ẹnì kejì léèrè ibi tó ti ń gbàdúrà. Ẹyọ ojú kan ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Lónìí, kámẹ́rà ni igba ojú yín. Ó ń wò lóòótọ́, kò lè nu imú ọmọ.

Ẹyọ ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa, òun ni Fọlákẹ́ tí ẹ ń pè ní Àǹtí Fọlá. Àárín ẹní yẹn náà ló dàgbà sí. Ó kàwé, ó lọ gba ìwé ẹ̀rí nípa ìtọ́jú ọmọ kékeré, ó padà wá. Ó ní, "Mọ́mì, iṣẹ́ yín dáa, ṣùgbọ́n ayé ti lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di ti ìgbàlódé." Inú ìyá rẹ̀ dùn débi tí kò lè jẹun. Èmi náà dunnú, mi ò ní parọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo rò pé ọ̀kan á mú ìwé wá, èkejì á mú ọwọ́ wá. Ìyàwó mi béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ òun ti ń dùn òun, òun kò bá ẹnikẹ́ni du ipò, pé kí wọ́n ṣá jẹ́ kí òun máa wà láàárín àwọn ọmọ títí Ọlọ́run yóò fi pe òun. Fọlákẹ́ ní, "Há, Mọ́mì, ta ló fẹ́ lé yín?"

Wọ́n lẹ táìsì. Wọ́n kó ẹní jáde, àwọn tó ń gbálẹ̀ àdúgbò kó o lọ. Bẹ́ẹ̀dì kéékèèké dé, ẹ̀rọ amúlétutù dé, kámẹ́rà tí àwọn òbí ń wò lórí fóònù dé, tẹlifíṣàn fẹ̀ gba ògiri kan tán. Pátákó náà dé. A kó ẹrù wa wá sí yàrá ẹ̀yìn yìí, a ní kò burú, ọmọ ẹni ni. Wọ́n fún ìyàwó mi ní àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé àti épúrọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé. Gíráńmà ni wọ́n ń pè é. Tí àwọn òbí tuntun bá wá wo ilé, Fọlákẹ́ á pè é, á gbé ọmọ kan lé e lẹ́sẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gba ọmọ náà padà. Mo rí fọ́tò yẹn lórí pátákó tó wà lọ́nà Ẹ̀gbẹ́dá. Ó rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ ẹ, mo mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn kò dé inú. Inú ẹ̀jẹ̀ ni èèyàn ń wà tutọ́ funfun.

Síbẹ̀, ó wà láàárín wọn, ó ń rí wọn, ó gbà bẹ́ẹ̀.

Ọmọkùnrin kan ló wá dé, Moyọ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan lérékùṣù, ó ń jáde nílé nígbà tí ẹ̀yin ṣì ń lá àlá, ó ń dé nígbà tí ọmọ ti sùn. Ẹ má jẹ́ ká bú u, ilé ayé ló le. Ọmọ rẹ̀ kò lè sùn lọ́sàn-án. Wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ké. Wọ́n tan tẹlifíṣàn fún un, ó ń ké. Ohùn rẹ̀ há. Ìyàwó mi sọ fún Fọlákẹ́ pé kó ní kí ìyá ọmọ náà mú ìró kan wá láti ilé. Fọlákẹ́ ní òfin kò gbà á, pé aṣọ ilé ń kó kòkòrò wọlé. Ìyẹn náà kò burú, kòkòrò wà. Ìyàwó mi ní kí wọ́n jẹ́ kí òun pọ̀n ọ́n nígbà náà. Fọlákẹ́ ní wọn kì í pọnmọ níbí, pé àwọn òbí ò fẹ́ kí ẹ̀yìn mọ́ ọmọ wọn lára.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta, àwọn olùtọ́jú ń jẹun, ọmọ náà ń fi orí gbá irin bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó mi dìde lórí àga. Ó tú ìró òkè ìdí rẹ̀, ó fi wé Moyọ̀ láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan. Kì í ṣe òórùn ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn èèyàn ni. Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó sì sùn. Ó sùn títí wọ́n fi ń múra àtilọ sílé.

Lójú kámẹ́rà ni gbogbo èyí ṣẹlẹ̀. Ìyá Moyọ̀ ti wò ó lórí fóònù rẹ̀ ní báńkì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló wá. Kò pariwo. Ó bá Fọlákẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì, mo sì ń gbọ́ láti ibi tí mo jókòó sí yìí. Ó ní òun kò gbé ọmọ òun wá síbí kí ìyá arúgbó kan lè fi aṣọ ìdí bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní òun ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn òbí yòókù.

Fọlákẹ́ wọlé. Ìyá rẹ̀ ṣì ń ká ìró náà. Àwọn olùtọ́jú dúró tò, ọmọdé ni gbogbo wọn lójú ẹni tí wọ́n ń wò.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò ní wọ ibí mọ́."

Ìyá rẹ̀ bi í pé, "Títí di ìgbà wo?"

Fọlákẹ́ ní, "Mo ní ẹ ò ní wọ ibí mọ́, mà."

Ìyàwó mi bọ́ épúrọ́ọ̀nù, ó gbé e kọ́ sí ara àga, ó kí àwọn olùtọ́jú pé wọ́n kú iṣẹ́, ó sì bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lẹ́nu mi, mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún.

Mo pe Fọlákẹ́. Mo fẹ́ bínú, mo sì bínú. Mo bi í pé ta ló tọ́ ọ. Ó jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yìí, ó ń sunkún, ó ní, "Dádì, bí ẹyọ ìyá kan bá lọ, gbogbo wọn á lọ. Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú wáàsáàpù." Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Bí ó bá jẹ́ ìkà ni, ǹ bá ti ṣépè, kí ara tù mí. Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí wẹ́dà fi wá, ó jó ilẹ̀kùn irin yẹn mọ́ ògiri, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn, lápá ọ̀hún. Wọ́n ní kí àwọn òbí lè rí i pé kò sí ọ̀nà ẹ̀yìn. Moyọ̀ náà kò dúró ṣá. Oṣù yẹn kò tíì tán tí ìyá rẹ̀ fi mú un lọ ibòmíràn.

Kí ẹ mọ̀ pé ògiri tó wà láàárín wa kò nípọn. Gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe là ń gbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyàwó mi á jókòó síbẹ̀ yẹn, á máa sọ fún mi pé, ẹkún èyí, ebi ni. Èyí, wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Èyí, etí ló ń dùn ún, kí wọ́n tètè wò ó. Kò rí wọn rí, kò mọ orúkọ wọn. Á máa sọ ọ́ sí mi bí ẹni pé mo lè la ògiri kọjá. Nígbà tó yá, ó dín in kù. Nígbà tó tún yá, ó dákẹ́. Tí ọ̀sán bá tó báyìí, á wọlé lọ tan rédíò, ohùn rẹ̀ á sì ròkè.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, iná ti lọ, rédíò kò sí. Méjì nínú àwọn olùtọ́jú ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ọmọ kan ń sunkún lápá ọ̀hún láti ìgbà tí a ti jẹ oúnjẹ àárọ̀, ẹkún tó ń ya èèyàn nínú. Ìyàwó mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Ilẹ̀kùn irin yẹn ṣí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti jó o. Fọlákẹ́ yọ síta, òógùn bò ó, ìró kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn níwájú ìyá rẹ̀. Kò tíì kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti ń sunkún tipẹ́. Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

Ìyàwó mi bó ẹ̀gúsí kan, ó jù ú sínú abọ́. Kò bínú, ẹ gbọ́ mi, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Fọlákẹ́ wo ojú mi. Èmi náà wo ilẹ̀. Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún, ó sì wọlé padà. Kò ti ilẹ̀kùn. Ṣíṣí ló wà di ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó di ìyàwó mi lọ́nà, ìṣísẹ̀ rẹ̀ kò sì ní pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Ẹkún náà ń bọ̀ tààrà láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹkún ọmọ tó ti mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní wá. Mo wo ọwọ́ ìyàwó mi. Ó ti dúró lórí ẹ̀gúsí. Mo pè é lórúkọ tí mo fi ń pè é kí a tó bímọ. Kò dìde.